Oṣù Kẹsàn-án Inú Ìwé Bàbá Wa

Bí ẹ bá gòkè lọ sí yàrá tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lọ́sàn-án, ẹ ó bá àbúrò mi obìnrin níbẹ̀, tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga kékeré, tó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ kí i. Kò ní gbọ́. Fèrèsé náà dojú kọ ibi tí odò ti ń wọ inú òkun. Bí oòrùn bá ti yí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ orí omi á gba ibẹ̀ wọlé, á sì máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ lára àjà. Èmi náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí, tí mo gbé tíì dání fún un, títí tíì fi tutù tí mo sì gbàgbé ohun tí mo bá wá.

Láàárọ̀, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá afárá. Iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ ni kò yé ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Bí àwọn oníbàárà mi bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní kí ni àbúrò mi tiẹ̀ ń ṣe lókè yẹn. Mo ti sọ fún wọn tó ìgbà ogún pé ó ń dán nǹkan wò ni. Wọ́n á tún ní kí ló ń dán wò. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú apá aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, màá fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú ìrán rẹ̀ tagbáratagbára níwájú wọn, màá ní ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn, ó ń fà á wò kí ó tó di pé ó ya mọ́ èèyàn lára níta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Fàáwò. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n fún un nílé lọ.

Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń fà wò. Ètò náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn tó kọ ọ́ wà káàkiri ayé, wọ́n sì tẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ síta bí ẹni sá aṣọ sórí okùn: ẹni tó bá wù ú lè wò ó, ẹni tó bá rí ibi tó ya lè mú òwú àti abẹ́rẹ́ wá. Ọkùnrin kan tí a ò rí sójú rí, tó ń gbé níbi tí ọ̀sán tiwa ti jẹ́ òwúrọ̀, ló ń yẹ gbogbo àtúnṣe wò kó tó wọlé. Adènà ni àbúrò mi ń pè é. Iṣẹ́ ètò yìí kò ju ẹyọ kan lọ: yóò sọ fún atukọ̀ aago tí omi máa kún dé góńgó lẹ́nu odò rẹ̀, lẹ́yìn èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn. Òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi lẹ́nu odò wa. Nígbà tí omi bá kún, ọkọ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí omi bá ti ń fà, iyanrìn á di ìdí ọkọ̀ mú, ìgbì á sì máa gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi dojú dé.

Ọkọ àbúrò mi ló ń tu ọkọ̀ èrò tó ń gba orí òkìtì yẹn kọjá lójoojúmọ́. Ọgbọ̀n èèyàn ló máa ń wà nínú rẹ̀.

Bàbá wa ló kọ́kọ́ mọ omi yẹn nínú ìdílé. Nígbà ayé wọn, olùka-omi ni wọ́n lọ́fíìsì èbúté. Wọ́n á wọ bàtà rọ́bà, wọ́n á lọ dúró ti òpó kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun àti dúdú pín láti òkè délẹ̀, wọ́n á máa wò ó títí omi yóò fi dúró jẹ́ẹ́, tí kò ní gòkè mọ́, tí kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á wo aago. Wọ́n á yọ pẹ́ńsùlù létí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń ràn, wọn kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí wọ́n wó ọ́fíìsì àtijọ́, gbogbo ìwé wọn bá a lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nílé, ìwé ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi. Nísàlẹ̀ àpótí la ti rí i lẹ́yìn tí wọ́n kú, a ò sì bi ara wa léèrè ohun tí ìyẹn nìkan ń wá nílé. Ọ̀fọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ronú jìnnà.

Inú ìwé yẹn ni àbúrò mi ti mú ìdánwò rẹ̀ jáde. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi dákẹ́. Ó ní ìdánwò kọ̀ọ̀kan kéré, ìbéèrè kan péré ló ní lẹ́nu: lọ́jọ́ báyìí, lóṣù báyìí, aago mélòó ni omi kún lójúmọmọ? Ètò á dáhùn. Ìdánwò á wá gbé ìdáhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Bàbá kọ. Bí wọn ò bá fi ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ jìnnà síra, àmì kan tó ní àwọ̀ ewé á yọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, pupa ni. Ó kọ ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ọdún náà. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ètò yẹn, níbikíbi tí ì báà wà láyé, gbogbo ìdánwò náà á tú jáde pọ̀, wọ́n á lọ béèrè ìbéèrè wọn, wọ́n á sì ti padà wá jíṣẹ́ kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní á jẹ́ pé Bàbá ṣì ń lọ sétí omi nìyẹn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá wà lórí ẹ̀rọ nísàlẹ̀, tí mo gbọ́ tó tẹ bọ́tìnì kan tó sì dákẹ́, mo máa ń rí wọn: Bàbá wa tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo wọn nínú bàtà rọ́bà, gbogbo wọn pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò nínú kùrukùru òwúrọ̀, kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún un. Àgbàlagbà tí àwọn èèyàn ń gbé aṣọ olówó iyebíye fún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohun tó ń sọ jáde.

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pupa ló pọ̀ jù. Ìwé ìṣirò omi tí wọ́n ti tẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò náà, ẹni tó ṣe ìwé ọ̀hún kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu odò wa rí. Àwọn ará òkèèrè ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, ìwé Bàbá ń tọ́ wọn sọ́nà, títí gbogbo rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé. Adènà wá kọ lẹ́tà kan pé nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibi tí òun kì í wò lẹ́ẹ̀mejì ni ibi tí ọwọ́ àbúrò mi bá ti kàn. Àbúrò mi tẹ lẹ́tà yẹn sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ́fíìsì èbúté náà gbọ́. Pátákó kan wà létíkun tí àwọn àgbà atukọ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ aago omi sí látinú ohun tí ojú wọn rí. Ọ́fíìsì ní tó bá ti di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, tí ẹ̀dà tuntun ètò náà bá jáde, àwọn á yọ pátákó yẹn dànù, ètò ni kí gbogbo ọkọ̀ máa tẹ̀ lé. Inú wa dùn. Ọkọ àbúrò mi kan igi kékeré kan mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ tí yóò máa gbé fóònù lé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà pé nígbà tí lẹ́tà mìíràn dé. Adènà ní àlejò kan tó gba ẹnu odò wa kọjá lóṣù kẹsàn-án èṣín kọ̀wé sí òun. Ó tẹ̀ lé ètò náà, àmọ́ omi ti ń fà kó tó dé ibẹ̀, iyanrìn sì di ọkọ̀ rẹ̀ mú títí omi fi tún kún. Adènà ní òun ti wo ìdánwò oṣù náà, gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé, ó ní láti jẹ́ pé aago ọkùnrin yẹn ni kò dáa. Kí àbúrò mi sáà fi ọ̀rọ̀ kan dá òun lóhùn, kí òun lè fún un lésì.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kó sọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí òkìtì aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ohun tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ni mo bá rí ojú rẹ̀. Ó ní nínú ìwé Bàbá, ojú ewé tí wọ́n kọ oṣù kẹsàn-án sí lẹ̀ mọ́ ara wọn. Òun rò pé omi ló wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ba òun kí ó má ya. Oṣù kan yẹn péré ló kù kí ọdún pé, ọwọ́ òun ń yún òun. Òun wá béèrè oṣù náà lọ́wọ́ ètò fúnra rẹ̀, òun mú ohun tó sọ, òun kọ ọ́ sínú ìdánwò bí ẹni pé Bàbá ló sọ ọ́. Ó ní òun máa padà síbẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì.

Kò pẹ́ kó tó yé mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi kúkú ni. "O fi aṣọ wọn ara rẹ̀," ni mo sọ, "o wá ní ó bá èèyàn mu."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kéré. Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo bi í bóyá ó mọ iye èèyàn tó ń wọ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àánú rẹ̀ ṣe mí, torí èmi náà ti fi àbùlẹ̀ bo ibi tí mo ṣèṣì gé rí, tí mo ní mo máa padà síbẹ̀. Mo ní kó lọ gbé ìwé náà wá.

A fi aṣọ funfun tútù bo ojú ewé méjèèjì, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná súnmọ́ ọn láìjẹ́ kó kàn án, kí ooru omi lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀sán náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ooru ń gòkè láàárín wa, ó ń rú òórùn ìwé àtijọ́ àti òórùn mìíràn tí mo mọ̀ ṣùgbọ́n tí mi ò rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ ṣí i, ìwọ̀n èékánná kan, ìwọ̀n èékánná kan. Nígbà tó yá, ojú ewé náà là. Ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ló wà níbẹ̀, ọgbọ̀n ìlà, ó mọ́ gaara.

Àbúrò mi sáré gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ó ka ọjọ́ kìn-ín-ní, mo wò ó, ó bára mu. Ó ka ìkejì, ó bára mu. Títí dé ọgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ bára mu láìyẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ní òun ò parọ́, Àǹtí, òun ò kúkú parọ́, ohun tí Bàbá rí náà ni ètò sọ. Ó ní òun ń lọ kọ̀wé sí Adènà pé aago ọkùnrin yẹn ni kò dáa.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún. Ó dúró.

"Àǹtí," ló pè mí láti ibẹ̀, "ó bára mu jù."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ojú tó lè ka omi dé ìṣẹ́jú. Ìdí tí òun fi fàyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ nìyẹn. Nínú oṣù mọ́kànlá tó kù, Bàbá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ju ètò lọ lọ́jọ́ kan, wọ́n fi méje dín lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa nǹkan rẹ́, wọ́n tún un kọ, omi ta sórí ìwé. Nínú oṣù kẹsàn-án, kò sí ìparẹ́ kan. Èmi náà wo etí ojú ewé náà dáadáa. Lára rẹ̀ yíká ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń dán, ó gún régé bí ojú ìrán. Omi kì í gún régé. Ìgbà yẹn ni mo mọ òórùn tí mo gbọ́: gọ́ọ̀mù ni. Ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ lẹ ojú ewé náà pa.

Màmá wà lẹ́yìn ilé, lórí àga wọn nínú oòrùn. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ìwé náà lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ìka tọ etí ojú ewé yẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá ní ta ló ní ká ṣí i.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa kò gùn. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, oyún ṣì kù kó pé nígbà tí àbúrò mi fipá wá sáyé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Màmá, ọmọ wà nínú àpótí dígí, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ èèyàn lọ, kò sì sí dókítà tó lè sọ èyí tó máa yè nínú àwọn méjèèjì. Bàbá jókòó sáàárín ibùsùn àti àpótí dígí náà fún odindi oṣù kan. Wọn ò dé etí omi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí oṣù parí, iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n bá da aago ọgbọ̀n ọjọ́ kọ látinú ìwé ìṣirò tí wọ́n tẹ̀. Ìwé kan náà tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò ni, oṣù kẹsàn-án nìkan sì ni àwọn ará òkèèrè kò tún ṣe, torí kò pọ́n rí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi bára mu: ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ẹnu kan.

"Irọ́ yẹn kò jẹ́ kí bàbá yín sùn," ni Màmá wí. "Kí àwọn ará ọ́fíìsì tó wá gba ìwé ọdún náà, bàbá yín po gọ́ọ̀mù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n lọ sọ fún ọ̀gá wọn pé ìwé bọ́ sómi. Wọ́n ní ó sàn kí wọ́n pe àwọn ní aláìbìkítà ju kí ọkọ̀ kan gbọ́kàn lé oṣù yẹn lọ."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni nǹkan kan ń padà bọ̀ sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn, ilé aládùúgbò wa ni wọ́n fi mí sí, àmọ́ wọ́n máa ń mú mi wálé wá pààrọ̀ aṣọ. Bàtà rọ́bà Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń fọwọ́ kàn án torí ó máa ń tutù, ó máa ń rin nígbà gbogbo. Lóṣù yẹn ó gbẹ. Eruku wà lórí rẹ̀, mo sì fi ìka ya ẹja sínú eruku náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbàgbé ẹja yẹn.

Àbúrò mi kò sunkún. Ó pa ìwé náà dé, ó fi ọwọ́ lé e.

"Bàbá lẹ irọ́ tiwọn pa kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i lò," ló wí. "Èmi ṣí tèmi sílẹ̀ gbayawu, mo wá kùn ún ní àwọ̀ ewé."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ fún wa pé ọjọ́ náà á le tó báyìí. Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀, mo wà níbẹ̀, mo sì ń wá ohun tí mo máa lọ ṣe níbòmíràn. Ó ní kó má tẹ̀ lé ètò náà tí oṣù bá wọlé. Ọkọ rẹ̀ rò pé àwàdà ni. Ó ní ṣebí gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé?

"Ìwọ lo ní kí n gbà á gbọ́," ló wá sọ nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ni mo ní kí o má gbà á gbọ́ mọ́." Ó ṣàlàyé ohun tó ṣe fún un látòkèdélẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì dárúkọ Bàbá láti fi bo ara rẹ̀.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Ó gé búrẹ́dì, kò jẹ ẹ́. Ó wá bi í pé aago mélòó gan-an ni omi ń kún lóṣù kẹsàn-án. Àbúrò mi ní òun ò mọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wo odò.

"Lọ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà," ló wí. "Màá máa fi ojú àwọn àgbà lọ títí wàá fi dé."

Nínú irú iṣẹ́ tiwọn, kò sí kọ̀rọ̀ tí èèyàn lè lọ jẹ́wọ́ sí. Gbangba ni wọ́n ti ń yọ nǹkan, gbangba ni wọ́n ti ń sọ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà á sì wà níbẹ̀ títí ayé fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ó yọ ìdánwò ọgbọ̀n ọjọ́ náà kúrò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni òun ṣe ayédèrú wọn, àti bí òun ṣe ṣe é. Ojú tì í débi pé odindi ọjọ́ méjì ni kò gbé kọ̀ǹpútà, ó sì já lẹ́tà ara ògiri fúnra rẹ̀. Nígbà tó wá ṣí i, ìlà méjì ni Adènà kọ: ẹ̀dà tuntun kò ní jáde, òun sì ń retí ọgbọ̀n ọjọ́ òtítọ́. Ọ́fíìsì èbúté kùn yùnmùyùnmù, ṣùgbọ́n pátákó ṣọ́ọ̀kì kò kúrò ní ipò rẹ̀.

Báyìí ni oṣù kẹsàn-án ṣe bá wa. Oṣù náà ni omi òjò láti òkè máa ń ya wọ odò, odò á wú, á pọ́n bíi tíì, á máa ti òkun sẹ́yìn. Àbúrò mi tọrọ bàtà rọ́bà Bàbá lọ́wọ́ Màmá. Mo fi àjákù aṣọ dí iwájú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa máa yọ̀ nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń lọ dúró ti òpó náà. Ó pààrọ̀ àkókò iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Láwọn ọjọ́ tí òjò bá pọ̀, èmi ni mo ń gbé agboòrùn dání fún un, mo sì ń ráhùn nípa ẹsẹ̀ mi. Ẹ ò mọ bí omi ṣe ń dúró tí ẹ ò bá tíì dúró tì í. Ó máa ń gòkè, ó máa ń gòkè, ewé àti pòròpórò orí rẹ̀ ń sáré kọjá, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á rọra, ewé kan á dúró sójú kan, á máa yí bírí. Èèyàn kì í lè sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo dákẹ́. Àbúrò mi á wo aago, á yọ pẹ́ńsùlù létí.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, omi fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ṣáájú ohun tí ètò sọ. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ku díẹ̀ kó pé wákàtí kan. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ti gba orí òkìtì kọjá kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ tán, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan sí wa. Nígbà tí aago tí ètò sọ wá pé, a ṣì wà níbẹ̀. Òkìtì iyanrìn náà ti ń yọ ẹ̀yìn funfun rẹ̀ láàárín ìgbì. Àbúrò mi wò ó, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú bí mo ṣe máa ń dì í mú nígbà tó ṣì ń kọ́ ìrìn.

Nígbà tí oṣù parí, ó gbé ọgbọ̀n ọjọ́ náà sínú ìdánwò. Ó ní kí n wá wò ó. Ó tẹ bọ́tìnì. Àwọ̀ ewé ń tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù kìíní, oṣù kejì, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé oṣù kẹsàn-án, ó pọ́n. Ọgbọ̀n pupa tò tẹ̀ léra. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí ẹni tí àṣìṣe dùn mọ́ nínú tó báyẹn rí. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìdánwò yẹn máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó gba àwọn ará òkèèrè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó kọ́ ètò náà bí odò ṣe ń wú. Pupa ń di ewé lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ìgbà tí wọ́n ń tan iná ilé kan tẹ̀ lé òmíràn lódìkejì odò.

Nínú irú ìwé tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, èèyàn lè kọ ìlà kan tí ẹ̀rọ kò ní kà, èèyàn nìkan ló máa rí i. Àbúrò mi kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sórí ìdánwò oṣù kẹsàn-án, ní èdè tiwa. Adènà béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ó sọ fún un. Adènà jẹ́ kí ìlà náà wọlé, ó sì ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Màmá nínú oòrùn, ó kà á fún wọn: "Bàbá wa kò lọ sétí omi lóṣù yìí. Wọ́n ń bí mi lọ́wọ́. Èmi ni mo lọ."

Màmá ní kó ka ìparí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èmi ni mo lọ."

Màmá wá mi orí, wọ́n ní Bàbá ì bá sùn. Wọ́n yí àga wọn padà sínú oòrùn.

Bí mo bá wà lórí ẹ̀rọ lọ́sàn-án báyìí, tí mo gbọ́ bọ́tìnì lókè tí àjà sì dákẹ́, mo ṣì máa ń rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò nínú kùrukùru. Bàbá wa ni gbogbo wọn, àfi ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n yẹn, àbúrò mi ni, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀, bàtà náà sì tóbi jù ú lọ.